Bí Wọ́n Bá Dá Yín Dúró ní Ẹnu Géètì Jẹ́léósinmi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kò ṣẹ̀yìn ohun tí ojú èmi fúnra mi rí ní Alákìá níbí, èmi tí mo ti ń la àwọn ẹlòmíràn lóye láti ọjọ́ tí mo ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

Àbúrò mi obìnrin ni ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun mú ọmọ òun ní jẹ́léósinmi, nítorí pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ dá òun dúró ní Ìwó Road. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Dìsípẹ́ńsárì wa kò jìnnà sí ilé-ìwé náà, nítorí náà bí mo ti wà nínú aṣọ funfun mi ni mo ṣe lọ. Bàbá àgbàlagbà tí ó ń ṣọ́ géètì kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ṣí ìwé kan. Ó fi ìka tọ ojú ewé náà títí dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà, orúkọ yín kò sí níbí." Mo ní, "Bàbá, ẹ kúkú mọ̀ mí. Ṣebí èmi ni mo wẹ egbò ẹsẹ̀ yín ní oṣù tó kọjá?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun mọ̀ mí, Ọlọ́run yóò sì san án fún mi, ṣùgbọ́n orúkọ mi kò sí nínú ìwé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú bí mi. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí ẹni tí ó tó bàbá mi. Ọmọ náà ti rí mi láti ojú fèrèsé, ó ń pariwo, "Màmá Nọ́ọ̀sì! Màmá Nọ́ọ̀sì!" síbẹ̀ bàbá kò yẹsẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Fóònù àbúrò mi kò lọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí ó wà lẹ́yìn géètì, kí àbúrò mi tó lè bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un pé èmi ni òun rán.

Bí mo ti jókòó síbẹ̀ ni mo rántí obìnrin kan tí ó wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó bá wá, ṣùgbọ́n kí n tó fi okùn ìwọ̀n di apá rẹ̀ ni ó ti bú sẹ́kún. Aáwọ̀ wà láàárín òun àti ọkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ gun ọ̀kadà lọ sí jẹ́léósinmi tí ọmọ wọn wà, ó pe ọmọ ní orúkọ, ọmọ sáré sí i, ni tíṣà bá gbé báàgì ọmọ lé e lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò bi í ní nǹkankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wá ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ yìí ní àrùn fòníkú-fọ̀là-dìde. Ojoojúmọ́ ni ó ń lo oògùn tí ń dènà ibà àti oògùn tí ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tí ó gbé e lọ kò sì mọ ọ̀kan nínú méjèèjì. Nígbà tí wọ́n máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, eegun ń dùn ún débi pé kò fẹ́ kí a fọwọ́ kan òun. Ilé ìwòsàn ńlá ni a gbé e lọ tààrà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Orí kó o yọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó gbé ọmọ náà kì í ṣe àjèjì. Ẹbí ni. Ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ajínigbé, ọkàn wa a máa sáré lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbọn, a kò sì jẹ̀bi, nítorí pé ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2024, àwọn oníbọn dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan dúró ní Emùré-Èkìtì, wọ́n kó ọmọ àti olùkọ́ lọ, wọ́n sì pa awakọ̀ wọn kí àwọn yòókù tó gba ìtúsílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé bàbá onígéètì ń dènà lójoojúmọ́ ayé ni ẹni tí a mọ̀ tí kò yẹ kí ó mú ọmọ. Bí bàbá náà bá ṣí ọ̀nà fún mi nítorí pé mo wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, yóò ṣí i fún ẹlòmíràn tí ó bá ya aṣọ nọ́ọ̀sì wọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi ọmọ sí jẹ́léósinmi, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń sọ òyìnbó dáadáa. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ẹnu géètì hàn yín. Ó yẹ kí orúkọ ẹni méjì tàbí mẹ́ta wà níbẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwòrán wọn àti nọ́ḿbà fóònù, bí ẹlòmíràn bá sì máa wá, kí òbí pe ilé-ìwé ṣáájú. Kí àlejò kọ orúkọ rẹ̀, ohun tí ó bá wá, àti aago tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, ìbáà ṣe káfíńtà tí ó wá kan ìjókòó, ìbáà ṣe ẹni tí ó ń ta ìwé, ìbáà ṣe pásítọ̀ tàbí ààfáà. Kí tíṣà kan wà pẹ̀lú rẹ̀ títí yóò fi jáde. Kí àlejò má ṣe mú ọmọ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láéláé. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jọ́ìbí tí ẹ ń gbé kéèkì wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe máa ya àwòrán ọmọ ọlọ́mọ kí ẹ sì gbé e sí Facebook pẹ̀lú orúkọ ilé-ìwé ní àyà aṣọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá a kò ní béèrè ọ̀nà mọ́.

Ìṣọ́ra yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ìlú London, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, àwọn ilé-ìwé àti jẹ́léósinmi àwọn Júù a máa ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn òbí pàápàá a sì máa gba ìṣọ́ ṣe ní àwọn ibòmíràn. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Community Security Trust, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1994, ni ó ń kọ́ wọn bí wọn yóò ti ṣe é. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kì í ṣe àlá. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹta, ọdún 2012, ọkùnrin oníbọn kan lọ sí ilé-ìwé àwọn Júù ní ìlú Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, ó sì pa olùkọ́ kan àti ọmọ mẹ́ta. Òbí tí ó bá ti gbọ́ irú ìyẹn kì í bá onígéètì jà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí apá tí ó jẹ́ iṣẹ́ mi gan-an, nítorí pé géètì kan náà ni àìsàn ń gbà wọlé.

Mo mọ ọgbọ́n àwa ìyá. Ọmọ jí ní agogo márùn-ún ìdájí, ara rẹ̀ gbóná, ìṣọ̀ ń dúró de ìyá ní ọjà Gbági, tàbí kí ọ̀gá ọ́fíìsì ti sọ pé òun kò fẹ́ gbọ́ àwíjàre mọ́. Ìyá bu síbí parasitámọ̀ fún ọmọ. Nígbà tí ó fi máa di agogo mẹ́jọ, ara ti tutù, ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ó kọjá lẹ́nu géètì. Nígbà tí ó bá di agogo mọ́kànlá, agbára oògùn ti tán, iná tún ràn. Ní àárín wákàtí mẹ́ta yẹn, ó ti bá ọmọ ogún mu omi nínú ife, ó ti húkọ́ sí wọn lójú. Èmi kì í bú irú ìyá bẹ́ẹ̀, nítorí pé èmi náà ti ṣe é rí nígbà tí àkọ́bí mi wà ní kékeré, tí n kò ní ẹni tí yóò bá mi mójú tó o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Ọmọ kan ni ó gbé èéyi wọ jẹ́léósinmi kan tí n kò ní dárúkọ. Èéyi kì í kọ́kọ́ fi ara hàn bí èéyi. Ibà ni, ikọ́ ni, imú ń ṣomi, ojú pọ́n, ìyá sì rò pé ọ̀fìnkìn ọyẹ́ ni. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọmọ tí ó ní èéyi ti ń kó o ran ẹlòmíràn láti nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin kí ara rẹ̀ tó sú, títí di ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí ó bá sú. Bí ó bá jáde kúrò nínú yàrá, àrùn náà lè wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún wákàtí méjì. Kò pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa. Márùn-ún ni mo kà. Mẹ́rin nínú wọn kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi rárá, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹnìkarùn-ún gbà á. Gbogbo wọn yè, ṣùgbọ́n etí ọ̀kan nínú wọn ń ṣọyún di ìgbà òjò tí ó tẹ̀lé e, títí di òní ni ìyá rẹ̀ sì ń pariwo kí ó tó gbọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ èéyi, nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́sàn-án àti nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà fi ẹ̀ẹ̀kejì yìí kún un, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìyá tí ó ti bímọ tẹ́lẹ̀ kò fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, a ti parí tiwa ní oṣù mẹ́sàn-án." Ẹ kò tíì parí. Èyí tí a ń gún ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá ń dènà ikọ́ àwúbì, ìpá, àti àrùn ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní dífítẹ́ríà. Dífítẹ́ríà yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní òpin ọdún 2022, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní ọdún 2023, ní Kánò jù lọ. Ọ̀fẹ́ ni àwọn abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí ọjọ́ bá ti kọjá lórí káàdì ọmọ yín, ẹ má tijú, ẹ gbé e wá. Jẹ́léósinmi tí ó bá gba ọmọ wọlé láì wo káàdì rẹ̀, èmi kò ní fi ọmọ mi síbẹ̀. Ìlànà ìlera ilé-ìwé tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2006 pàápàá fẹ́ kí a yẹ ara ọmọ wò kí ó tó wọlé.

Àwọn ìyá a máa bi mí pé ọjọ́ mélòó ni kí ọmọ fi jókòó sílé. Bí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tí ó ń bì, kí ó pé ọjọ́ méjì gbáko lẹ́yìn èyí tí ó ṣe kẹ́yìn. Bí ibà ni, kí ara rẹ̀ tutù fún odindi ọjọ́ kan láìsí oògùn. Bí ilẹ̀gbóná ni, kí gbogbo rẹ̀ gbẹ kí ó sì pa èépá. Kúrúnà àti làpálàpá kò pẹ́ títí: kí a ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ọmọ tí ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má ṣe fi oúnjẹ dù ú, ẹ fún un ní omi oníyọ̀-àti-ṣúgà tí ó wà nínú páálí kékeré ní ilé oògùn, pẹ̀lú oògùn síńkì fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Bí kò bá lè mu mọ́, tàbí tí ojú rẹ̀ ti jìn sínú, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ti ojú pípọ́n tí a ń pè ní Àpólò nìkan ni yóò pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọdún 1969 ni ó kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ghana, ọdún náà gan-an ni ọkọ̀ Apollo àwọn ará Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, ni àwọn ènìyàn bá fi orúkọ ọkọ̀ náà sọ àrùn náà, wọ́n ní eruku òṣùpá ni. Kò sí eruku òṣùpá níbẹ̀. Ọwọ́ àti áńkáṣífù ni ó ń gbé e kiri. Ẹ má ṣe fún ọmú sójú ọmọ, ẹ má sì ṣe ro omi ṣúgà tàbí ìtọ̀ sí i.

N kò sì fara mọ́ ilé-ìwé tí ń lé ọmọ sílé nítorí pé ó sín lẹ́ẹ̀mejì tàbí tí iná orí wà nínú irun rẹ̀. Ọ̀fìnkìn tí kò ní ibà nínú, iná orí tí a lè fi ìyàrun ṣà kúrò, ìwọ̀nyí kò tó ohun tí ìyá yóò tìtorí rẹ̀ pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti rí ilé-ìwé tí ó ń lé ọmọ nítorí imú, tí kò sì sí ọṣẹ lẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Ẹ rántí ọdún 2014 tí Ebola wọ Èkó, tí ó pa ènìyàn mẹ́jọ ní ilẹ̀ wa kí wọ́n tó kéde ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá pé ó ti tán. Kò sí ilé-ìwé tí kò ra bọ́kẹ́ẹ̀tì onítáàpù nígbà náà. Wọ́n tún gbé e jáde ní 2020 nígbà Kòrónà. Ẹ lọ wò ó báyìí: ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú òmíràn nínú wọn. Àrùn onígbáméjì kò tíì fi wá sílẹ̀ o.

Nípa oògùn, kí jẹ́léósinmi má ṣe fún ọmọ ní oògùn tí kò sí nínú ìgò tirẹ̀, tí orúkọ ọmọ, ìwọ̀n rẹ̀ àti aago rẹ̀ kò sí lára rẹ̀, tí òbí kò sì fọwọ́ sí. Ní òpin ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ọmọ 84 ni ó kú ní Nàìjíríà nítorí oògùn eyín kan tí májèlé wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orí káńtà ni wọ́n ti rà á. Ẹ má bu oògùn sínú ìgò Fanta kí ẹ sì gbé e fún tíṣà. Ọmọ tí ó bá ní ikọ́ fée tàbí fòníkú-fọ̀là-dìde, kí a kọ ọ́ sínú ìwé ilé-ìwé pẹ̀lú ohun tí a ó ṣe bí ó bá dé. Ẹ má fi í pamọ́ nítorí ojú ayé.

Ẹ̀pà ńkọ́? Ẹ má ṣe di ẹ̀pà sínú àwo oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ lọ̀ ọ́ fún un. Bí nǹkan bá há ọmọ tí ó ti ju ọdún kan lọ lọ́fun, tí kò lè sunkún tí kò sì lè húkọ́, kí a dorí rẹ̀ kodò síwájú, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí kò bá jáde, kí a dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí a di ìkúùkù sí òkè ìdodo rẹ̀, kí a fà á sínú àti sókè lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí a sì tún bẹ̀rẹ̀. Kí a má ṣe ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu láìrí ohun tí a fẹ́ yọ. Bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ti síbí bọ ẹnu rẹ̀, ẹ má sì fún un ní ìtọ̀ màlúù. Ọmọ tí ìtọ̀ màlúù ti sọ di aláìmọ̀kan, mo ti bá wọn pàdé lójú iṣẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa géètì, òun ni ó sì wúwo lọ́kàn mi jù. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejìlá, ọdún 2024, ní ilé-ìwé Islamic High School, Baṣọ̀run, ní Ìbàdàn wa níbí, wọ́n pe àwọn ọmọdé sí àríyá ọdún. Èrò ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ 35 ni wọ́n tẹ̀ pa. Wọn kò ṣàìsàn, aṣọ ọdún ni wọ́n wọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí jẹ́léósinmi kan ní agbègbè wa bá pè mí sí àríyá òpin ọdún, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń wò ni iye géètì tí wọ́n ní, bóyá ó ń ṣí síta, àti bóyá wọ́n ti páàkì ọkọ̀ dí i. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n pín àsìkò: kí kíláàsì kan dé ní agogo mẹ́sàn-án, kí òmíràn dé ní mọ́kànlá, kí ẹ̀bùn má sì jẹ́ ohun tí a ń gbé sókè fún èrò láti já gbà. Kí ẹnìkan di kọ́kọ́rọ́ géètì kejì mú lọ́wọ́, kí ó má ṣe wà nínú àpò ọ̀gá tí ó ti lọ ra kòkó-kóólà.

Àwọn kan sọ pé mo ń dẹ́rù bani. Bàbá kan sọ ọ́ sí mi lójú pé ilé-ìwé ni òun ń gbé ọmọ lọ, kì í ṣe bárékè. Mo bi í pé ta ni ó ń mú ọmọ rẹ̀ bọ̀ wálé lọ́sàn-án. Ó ní ọmọ ìgboro kan tí ń gun ọ̀kadà ni. Mo bi í ní orúkọ ọmọkùnrin náà. Kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ọjọ́ tí mo bínú yẹn, mo mú àwòrán méjì àti nọ́ḿbà fóònù mi lọ sí jẹ́léósinmi àbúrò mi, mo sì ra búrẹ́dì kan àti ẹja sáàdínì dání fún bàbá onígéètì. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí." Ó rẹ́rìn-ín, ó gba búrẹ́dì, ó súre fún mi. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé, ó na bírò sí mi, ó ní, "Ẹ kọ orúkọ yín síbí mà, àti aago tí ẹ dé." Mo kọ ọ́.